Ìwo zibad láti Jimma: báwo la ṣe ń mọ ojúlówó, ṣé òfin sì gbà á?

#1 Alálọ́fínńdà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lọ́fínńdà olóròóró ni mò ń pò n'Íbàdàn, irú èyí tí kò ní sípírítì nínú rárá, tí àwọn tó ń kírun fẹ́ràn. Oníṣòwò kan tó máa ń lọ sí Addis Ababa gbé ìwo màlúù kan wá bá mi, wọ́n fi awọ dí i lẹ́nu. Ó ní zibad ló wà nínú rẹ̀, ìyẹn ọ̀rá olóòórùn tí wọ́n ń ha lábẹ́ ìrù ẹtà, ó ní apá Jimma, ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Etiópíà, ló ti rà á. Gíráàmù 300 ló pè é, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe owó kékeré. Mo ṣí i wò: ó funfun bí òrí, ó rọ̀, òórùn rẹ̀ le débi pé gbogbo ará ilé ló sá jáde.

Ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan láti fi ronú. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá ojúlówó ni kí n tó sanwó? Bó bá jẹ́ ojúlówó, ṣé aṣọ́bodè kò ní tìtorí rẹ̀ dá mi dúró lọ́jọ́ kan? Báwo ni wọ́n sì ṣe ń bù ú là? Kò sẹ́ni tó lè fi nǹkan yìí para bó ṣe wà yìí.

#2 Ìyá Olótùràrí

Kò le rárá. Ẹ fi díẹ̀ ra bébà funfun, kí ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí òróró bá tàn yí i ká, bọ́tà ni wọ́n fi ṣe é. Ẹ tún ṣáná sí díẹ̀ nínú rẹ̀. Bó bá jó bí àbẹ́là, ayédèrú ni. Ti òórùn tó lé ará ilé jáde yẹn, ẹ fọkàn balẹ̀, òun ni.

#3 Addis_Gbélé

Ẹ̀gbọ́n, àwọ̀ funfun yẹn gan-an ló kọ mí lóminú. Zibad tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ha máa ń ní àwọ̀ ìyeyè tó ṣá, ó sì ń fà bí oyin tó ti fẹ́ dì. Bí atẹ́gùn bá ti ń fẹ́ sí i, á máa ki, á sì máa dúdú díẹ̀díẹ̀ títí á fi ní àwọ̀ ọṣẹ dúdú tó ti gbẹ. Nínú ìwo tó ti pẹ́ oṣù mélòó kan, ẹnu àti etí rẹ̀ á ti dúdú, inú lọ́hùn-ún á ṣì pọ́n. Èyí tó bá funfun báláú láti òkè dé ìdí, wọ́n ti bù nǹkan mọ́ ọn. Àbùlà tó wọ́pọ̀ jù ni bọ́tà, Vaseline, oyin, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí wọ́n gún kúnná, àti ìyẹ̀fun.

Ẹ tún wo irun. Bí wọ́n bá ń ha zibad, irun ẹtà kéékèèké kì í ṣàì bá a wá, bẹ́ẹ̀ náà ni èépá awọ. Ìwo tó mọ́ tónítóní láìní ẹyọ irun kan, ẹ fura sí i. Ṣùgbọ́n irun nìkan kò tó ẹ̀rí, torí kò ṣòro fún ẹni tó fẹ́ rẹ́ni jẹ láti gé irun sí Vaseline.

Ọ̀nà tí wọ́n fi ń rẹ́ ẹni tí kò mọ̀ jẹ jù ni pé ojúlówó ni wọ́n máa fi bo ẹnu ìwo, àbùlà á wà nísàlẹ̀. Torí náà ẹ má bù ú lẹ́nu. Ẹ wá irin tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn, irú èyí tí wọ́n fi ń hun súẹ́tà, ẹ tì í wọlé títí á fi kan ìdí, ẹ yí i po, kí ẹ wá rọra fà á jáde. Ẹ bù díẹ̀ lára èyí tó lẹ̀ mọ́ ọn ní òkè, láàárín àti nídìí, ẹ kó wọn sí ìgò mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ kọ orúkọ sí i lára. Nípa gíráàmù 300 yẹn: ṣé zibad nìkan ló jẹ́ 300, àbí pẹ̀lú ìwo? Ìwo màlúù òfìfo wúwo ju bí ẹ ṣe rò lọ.

#4 Onímọ̀ Èròjà

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún Ìyá Olótùràrí, àyẹ̀wò méjèèjì yẹn kò lè mú ẹnikẹ́ni. Zibad fúnra rẹ̀, ọ̀rá ni. Ọ̀rá wo ni kì í yí bébà? Ojúlówó á yí i, ayédèrú á yí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni iná: àwọn méjèèjì ló máa jó. Òórùn líle kì í sì í ṣe ẹ̀rí. Ohun tó ń rùn bí ìgbẹ́ nínú zibad ni indole àti skatole, wọ́n sì ń tà wọ́n nígò lọ́tọ̀. Ẹni tó bá po ẹ̀kán díẹ̀ mọ́ Vaseline á lé odidi àdúgbò jáde.

Ẹ ṣe mẹ́ta yìí fún ìgò kọ̀ọ̀kan nínú àwọn tí Addis_Gbélé ní kí ẹ bù, kí ẹ sì tẹ̀ lé bí mo ṣe tò ó.

Omi ni ẹ máa kọ́kọ́ lò. Ẹ bu bíi gíráàmù 0.5 sínú omi tó gbóná níwọ̀nba, nǹkan bí 50 °C, ẹ dé e, ẹ mì í fún ìṣẹ́jú méjì. Zibad kì í yòrò nínú omi. Bí oyin bá wà nínú rẹ̀, oyin á bá omi lọ. Ẹ da omi náà sí àwo pẹlẹbẹ kó gbẹ, ibẹ̀ á máa lẹ̀ mọ́ ìka. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ á sọ omi di rúdurùdu, fọ́nrán rẹ̀ á sì rọ̀ sísàlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí omi yẹn tutù pátápátá, kí ẹ wá kán ayódíìnì ilé ìwòsàn ẹ̀kán kan sí i. Bó bá di búlúù tó sún mọ́ dúdú, ìyẹ̀fun wà níbẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ tutù o, torí àwọ̀ náà kì í dúró nínú omi gbígbóná. Bí kò bá sì yí padà, ẹ má tíì yọ̀: ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n dáadáa, púpọ̀ nínú sítáàṣì rẹ̀ ti di ṣúgà, ayódíìnì kò ní rí i mú.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni sípírítì gbígbóná. Ẹ fi gíráàmù 0.5 míràn sínú túùbù gíláàsì, ẹ da mílílítà 10 ethanol 95% lé e. Ẹ gbé omi kaná títí á fi tó 60 °C, Ẹ PA INÁ, kí ẹ tó gbé túùbù náà sínú omi yẹn. Ẹ máa rọra yí i fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bó bá jẹ́ zibad gidi, púpọ̀ nínú rẹ̀ á yòrò, irun àti ìdọ̀tí ló máa ṣẹ́kù. Vaseline kò ní yòrò. Á rọ̀ sísàlẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ òróró tó ń dán. Bọ́tà náà á ṣe ìlẹ̀kẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú rẹ̀ lè yòrò.

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í: wọ́n á jẹ́ kí túùbù tutù kí wọ́n tó wò ó, wọ́n á rí i pé ó ti ṣú, wọ́n á ní ayédèrú ni. Zibad ní ìda tirẹ̀ nínú, ìda yẹn ló ń dì padà nínú sípírítì tútù. Gbígbóná ni kí ẹ ti wò ó.

Ẹ lè fẹ́ mọ̀ bóyá bọ́tà ni ìlẹ̀kẹ̀ yẹn tàbí Vaseline. Ẹ bi ẹni tó ń ṣe ọṣẹ. Ẹ da sípírítì kúrò, ẹ jẹ́ kí èyí tó ṣẹ́kù gbẹ, kí ẹ wá sè é pẹ̀lú sóódà ọlọ́ṣẹ tí ẹ ti pò mọ́ omi díẹ̀. Bọ́tà á di ọṣẹ, á hó. Vaseline á wà bó ṣe wà títí dọ̀la.

#5 Ọmọ Ọdẹ

Ṣé ẹtà tí àwa náà mọ̀ lóko yìí ni gbogbo yín ń sọ? Èyí tó ní ilà dúdú lójú bí olè, tó ní tótòtó lára, tó máa ń lọ yàgbẹ́ síbì kan náà lálaalẹ́? Kí ló wá dé tí ènìyàn á fi ra ọ̀rá rẹ̀ láti Etiópíà? Ó ṣe tán, igbó Òkè-Ògùn ò jìnnà. Ẹlòmíràn sì sọ pé òun náà ló ń jẹ èso kọfí tí wọ́n ń ṣà nínú ìgbẹ́ rẹ̀ tà lówó gọbọi. Ṣé òótọ́ ni?

#6 Ìtàn Òwò

Ti kọfí ni mo máa kọ́kọ́ mú kúrò. Ẹranko kọfí yẹn, luwak ni wọ́n ń pè é ní Indonéṣíà. Mọ̀lẹ́bí ẹtà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun. Ó kéré sí ẹtà wa, orí igi ló ń gbé. Orúkọ kan náà tí òyìnbó ń pe àwọn méjèèjì ló da ọ̀rọ̀ rú. Ohun tó jọra níbẹ̀ kò ju pé ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Etiópíà, níbi tí kọfí ti ń hù fúnra rẹ̀ nínú igbó, ni ilẹ̀ tí òwò zibad ti gbilẹ̀ jù pẹ̀lú.

Ìbéèrè kejì ló dùn mọ́ mi. Ẹtà wà láti Senegal títí dé ìhà gúúsù Áfíríkà. Kì í ṣe ẹranko Etiópíà nìkan. Ohun tó jẹ́ ti Etiópíà ni iṣẹ́ sísìn ín àti ọ̀nà òwò tí wọ́n là fún un. Àwọn Hausa náà mọ ọ̀rá yìí, juda ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n wọn kò kó o ránṣẹ́ sí òkè òkun tó ti Etiópíà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19, ìjọba Oromo márùn-ún dìde lẹ́bàá odò Gibe: Limmu-Ennarea, Jimma, Gomma, Guma àti Gera. Kaffa wà ní gúúsù wọn. Abba Bagibo tó jẹ ọba Limmu-Ennarea láti 1825 títí di 1861 ló gbé ọjà Saqqa ga débi pé oníṣòwò ń ti àríwá rìn wá. Nígbà tí agbára Limmu dín kù, Jimma gba ipò náà, ọjà Hirmata sì di baba ọjà ní gbogbo agbègbè yẹn. Wúrà, eyín erin, kọfí, zibad, ẹrú: àwọn ni ẹrù tó ń jáde. Wọ́n ń gba Basso ní Gojjam kọjá lẹ́bàá odò Abay, ó di Gondar, ó di Massawa létí Òkun Pupa, ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi ti ń gbé e lọ sílẹ̀ Lárúbáwá àti Íjíbítì. Ọ̀nà kejì gba Shewa lọ sí Harar, títí dé Zeila. Àwọn Mùsùlùmí ni oníṣòwò ọ̀nà jíjìn yìí, ọwọ́ Mùsùlùmí náà sì ni sísin ẹtà wà jù.

Kí ni wọ́n fi ń sanwó? Iyọ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń gé iyọ̀ ní òkúta òkúta láti pẹ̀tẹ́lẹ̀ Afar tó rẹlẹ̀ ju ojú òkun lọ ní ohun tó lé ní mítà 100, wọ́n ń pè é ní amole. Ràkúnmí ló ń gbé e gun òkè. Bó ṣe ń jìnnà sí Afar ni iye rẹ̀ ń ga, àlùfáà Potogí tó ń jẹ́ Francisco Alvares ti kíyè sí èyí láti ọdún 1520 sí 1526 tó fi wà níbẹ̀. Ní Kaffa, òkúta iyọ̀ díẹ̀ á ra ohun tí wọn kò ní fún ọ rárá nítòsí Mekelle, ìlú àríwá tó sún mọ́ Afar. Bó bá fọ́ lọ́nà, owó ti bàjẹ́ nìyẹn, bí òjò bá sì pa á, owó ti yòrò. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi ewé àti okùn dì í.

Fún ọjà ńlá, wọ́n ń ná owó fàdákà tí wọ́n ya àwòrán Ọbabìnrin Maria Theresa ti Austria sí. Ọdún 1780 ló wà lára gbogbo rẹ̀, títí kan èyí tí wọ́n rọ ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn tí ó kú. Ó wúwo ní gíráàmù 28, torí náà ó di òṣùwọ̀n pẹ̀lú: ẹ gbé e sí apá kan ìwọ̀n, ẹ gbé wúrà sí apá kejì. Ìwọ̀n yìí ni wọ́n ń pè ní wakiya.

Ọkọ̀ ojú irin láti Djibouti dé Dire Dawa ní 1902, ó wọ Addis Ababa ní 1917. Láti ìgbà náà ni ẹrù ti kẹ̀yìn sí Massawa. Ilẹ̀ Faransé, níbi tí wọ́n ti ń ṣe lọ́fínńdà olówó ńlá, ló wá di oníbàárà pàtàkì. Kì í sì í ṣe Etiópíà nìkan ló gbìyànjú iṣẹ́ yìí: Daniel Defoe, òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì, ra nǹkan bí ẹtà 70 ní 1692 láti máa sìn wọ́n lẹ́bàá London. Gbèsè ló gbẹ̀yìn rẹ̀.

#7 Ọmọ Ọdẹ

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ó wá yé mi pé mo lè mú tèmi n'Ígbó-Ọrà kí n máa ha á nìyẹn?

#8 Addis_Gbélé

Àbúrò, ẹ má dán an wò. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ná. Akọ ni wọ́n ń mú. Wọ́n ń tì í mọ́ inú àgò igi tó gùn tó sì há, tí ẹran náà kò lè yí padà nínú rẹ̀, kí ó má baà bu ẹni tó ń ha á jẹ. Ilé ṣóńṣó tó ṣókùnkùn ni àgò náà wà, iná ń jó níbẹ̀ tọ̀sán tòru torí wọ́n gbà pé ooru ń mú ọ̀rá jáde. Oúnjẹ rẹ̀ ni ẹran, ẹ̀kọ àgbàdo, wàrà àti bọ́tà. Ní ọjọ́ mẹ́sàn-án sí méjìlá ẹnì kan á di ìrù àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mú, ẹnì kejì á tẹ àpò tó wà láàárín ihò ìdí àti ojú ara, á fi ṣíbí oníwo ha á. Ẹtà kan kì í sábà mú ju gíráàmù mẹ́ta sí mẹ́rin wá lọ́sẹ̀. Ẹ fi pín 300: iṣẹ́ ẹtà kan fún bí ọdún kan àbọ̀ sí méjì ló wà nínú ìwo yẹn, bó bá jẹ́ ojúlówó.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n mú láti igbó ló ń kú láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́. Ọgbẹ́ pańpẹ́, ìpayà, oúnjẹ tí inú wọn kò gbà. Wọn kì í sì í bímọ nínú àgò yẹn, nítorí náà gbogbo èyí tó bá kú, igbó ni wọ́n máa tún lọ.

Àti pé ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ Etiópíà ta awọ fún yín. Lára àwọn ẹranko tó jẹ́ ti ibẹ̀ nìkan ni ìkookò pupa orí òkè tí àgbà rẹ̀ kò tó 500 mọ́ láyé, ewúrẹ́ òkè tí wọ́n ń pè ní walia lórí òkè Simien, àgbọ̀nrín ńlá òkè Bale, àti gelada, ọ̀bọ tó ń jẹ koríko, tí àyà rẹ̀ pupa. Ẹni tó bá fi awọ èyíkéyìí nínú wọn lọ̀ yín, ẹ sá fún un.

#9 Òfin_Inú_Igbó

Ẹ jẹ́ kí n dá Alálọ́fínńdà lóhùn lórí aṣọ́bodè. Àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó, CITES, ní Àfikún mẹ́ta. Ẹtà wà nínú Àfikún Kẹta, Botswana ló fi í síbẹ̀ ní 1978. Kì í ṣe pé wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má tà á. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé bí ó bá ti orílẹ̀-èdè mìíràn tí kì í ṣe Botswana jáde, ó gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí ibi tó ti wá, tí aláṣẹ CITES ti orílẹ̀-èdè yẹn fọwọ́ sí. Ẹran náà láàyè, awọ rẹ̀, ọ̀rá rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló kàn. Nàìjíríà àti Etiópíà wà nínú àdéhùn náà.

Ní Etiópíà, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ẹranko igbó, EWCA, ni ẹ ti ń gba ìyọ̀ǹda. Ẹ bi ẹni tó gbé ìwo wá: ìwé dà? Orúkọ ẹni tó kó o jáde, ìwọ̀n rẹ̀ ní gíráàmù, irú ẹranko tó jẹ́, òǹtẹ̀, ọjọ́. Bí ìwọ̀n orí ìwé bá jẹ́ kílò 1 tí èyí tó wà níwájú yín jẹ́ 300, ẹ bèèrè ibi tí ìyókù wọlé sí. Ní ti Nàìjíríà, ẹ lọ bèèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká kí ẹ tó sanwó, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó ti ara ẹranko wá tí kò ní ìwé, wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ yín, owó yín ti wọgbó.

#10 Ìyá Olótùràrí

Mo gba ti bébà, Onímọ̀ ṣeun. Ṣùgbọ́n ti ìwé yìí, ta ló ń béèrè rẹ̀ lọ́jà? Inú àpò ọwọ́ ni wọ́n ń kó o sí.

#11 Òfin_Inú_Igbó

Mọ̀mọ́, ẹni tó kó o wọlé ti gba owó rẹ̀ ó ti lọ. Ọwọ́ ẹni tó rà á ni wọn yóò ti bá a. Bí oníbàárà kan láti London bá sì fẹ́ ra ìgò 50 lọ́wọ́ Alálọ́fínńdà, ìwé náà ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè níbẹ̀.

#12 Abẹ́ Ìrókò

Kí lẹ ń da ara yín láàmú fún? Chanel pàápàá ti fi zibad ẹran sílẹ̀ láti 1998, èyí tí wọ́n ṣe ní yàrá ìwádìí ni wọ́n ń lò. Ohun tó ń jẹ́ kí zibad máa ta sánsán ni civetone. Láti 1926 ni Leopold Ružička ti tú bó ṣe rí palẹ̀: òrùka tí kábọ́ọ̀nù 17 so pọ̀, nígbà tí àwọn onímọ̀ rò pé irú òrùka ńlá bẹ́ẹ̀ kò lè dúró. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1939. Ẹ ra civetone, kí ẹ fi ẹtà sílẹ̀ kó máa jẹ èso rẹ̀.

#13 Addis_Gbélé

Mo gbà pẹ̀lú yín nípa òórùn, n kò gbà tán nípa ti ẹtà. Bí ẹnikẹ́ni kò bá ra zibad mọ́, àgbẹ̀ tó ń sin ẹtà kò ní ìdí kankan láti dá igbó tí ẹtà ń gbé sí. Kọfí àti àgbàdo ló máa gbà á. Ọ̀nà mìíràn wà tí wọ́n ń yẹ̀ wò: ẹtà máa ń fi ìdí nu ara igi àti òkúta lójú ọ̀nà rẹ̀, èèyàn sì lè ha á níbẹ̀ láìmú ẹran náà. Wọ́n ti ṣèwádìí irú ojú ibẹ̀ nínú igbó Menagesha-Suba, ní ìwọ̀-oòrùn Addis. Ó kéré, ìdọ̀tí pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí àgò níbẹ̀.

#14 Abẹ́ Ìrókò

Ó kéré, ìdọ̀tí pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀yin náà ti dáhùn, ta ni yóò fi ìyẹn jẹun?

#15 Alálọ́fínńdà

Ẹ ṣeun gan-an, mo ti ṣe é. Ti ẹnu ìwo: ó yòrò nínú sípírítì gbígbóná, irun díẹ̀ ló ṣẹ́kù. Ti àárín: ìlẹ̀kẹ̀ òróró bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ti ìdí: bí ìdajì ló rọ̀ sísàlẹ̀, mo fi sóódà sè é, kò di ọṣẹ. Ayódíìnì kò yí padà ní ìkankan. Òfìfo ìwo náà gba 110 nínú 300 yẹn, mo fi ìwo mìíràn tó tó o díwọ̀n. Kò ní ìwé kankan. Mo ti dá a padà.

Ó kù kí n mọ ìwọ̀n civetone tí màá lò. Onímọ̀, ẹ jọ̀ọ́.

#16 Onímọ̀ Èròjà

Vaseline ni, sóódà ti sọ ọ́. Ẹ ra civetone gíráàmù 1 péré ní àkọ́kọ́, kò wọ́n lọ́wọ́ bíi ti ìwo ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀fẹ́. Á dé bí ẹfun tó ń dán. Ó ń yọ́ ní nǹkan bí 31 °C, nítorí náà ní ọ̀sán Ìbàdàn ẹ lè bá a ní omi nínú ìgò. Kò bàjẹ́. Ẹ fi gíráàmù 9 ethanol sí i, ó di 10%. Ẹ gbé e pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan.

#17 Ìyá Olótùràrí

Onímọ̀, ẹ tún ìwé #1 kà. Ó ní lọ́fínńdà òun kò ní sípírítì rárá. Òróró sandalwood tàbí DPG (dipropylene glycol, nǹkan olómi tí wọ́n fi ń bu lọ́fínńdà là) ni kó fi bù ú là. Kó gbé ìgò sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kó máa yí i títí á fi mọ́ gaara.

#18 Onímọ̀ Èròjà

Òótọ́ ni, mo tọrọ gáfárà. DPG gíráàmù 9, civetone gíráàmù 1. Nínú lọ́fínńdà gíráàmù 10, ẹ fi gíráàmù 0.05 àpòpọ̀ yẹn bẹ̀rẹ̀. Ẹ dúró ọjọ́ kan kí ẹ tó gbóòórùn rẹ̀, torí civetone kì í yára sọ̀rọ̀. Ẹ lè máa fi 0.05 kún un títí á fi di 0.2, bó bá kọjá ìyẹn, á bo rósì àti sandalwood mọ́lẹ̀.

Civetone nìkan mọ́ jù fún ẹni tó mọ zibad. Bí ẹ bá fẹ́ ìdọ̀tí tó mú un dà bí ẹran, ẹ fi ẹ̀kán kan indole 1% sí i. Indole ń yí àwọ̀, á sọ òróró di pupa rúsúrúsú bí oòrùn bá ń kàn án, nítorí náà ìgò dúdú ni kí ẹ lò. Àwọn kan sì wà tí imú wọn kì í gbọ́ irú òórùn mísíkì ńlá bíi ti civetone yìí rárá, ara wọn sì le. Ẹ jẹ́ kí ẹni méjì tàbí mẹ́ta gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ tó sọ pé kò tó, kí ẹ sì tún da sí i.

#19 Alálọ́fínńdà

Ẹ̀rù imú yẹn bà mí o, torí èmi kì í gbọ́ mísíkì funfun tí ìyàwó mi ń gbọ́. Òun ni màá fi ṣe òṣùwọ̀n. Mo ti ní kí wọ́n bá mi mú DPG wá lọ́jà.